Bí A Ṣe Gbé Jíìpù Ilé Wa Sókè

Láti ìgbà tí jíìpù wa ti ga ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ ni ìbéèrè ti ń wọlé. Àwọn kan bi wá lẹ́yìn ìsìn, àwọn kan kọ̀wé, arákùnrin kan sì dùbúlẹ̀ nínú ọgbà ìjọ tòun ti kóòtù lọ́rùn kí ó lè yẹ abẹ́ ọkọ̀ náà wò. Ohun tí púpọ̀ nínú yín fẹ́ mọ̀ ni ohun tí a ṣe sí i, ibi tí a ti ra ọjà, àti bóyá ẹ lè ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ tiyín nínú ọgbà ilé yín. Àwọn ìyá ìjọ kò béèrè ìyẹn o. Tiwọn ni pé ta ló ní kí a gbé ọkọ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìró fi ń tú lára àwọn kí àwọn tó gun ún. A ó dáhùn bí àyè bá ṣe gbà wá. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí à bá fi pamọ́, ṣùgbọ́n ìyá àwọn ọmọ wa ní bí a kò bá ní í sọ ìyẹn, kí a má wulẹ̀ kọ ìyókù.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí jẹ́ Toyota 4Runner ọdún 1998, ọ̀kan nínú ìran kẹta irú rẹ̀, èyí tí wọ́n tà láti 1996 títí dé 2002. Tòkunbọ̀ ni a rà á, ó sì ti sìn wá dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni a máa ń gbé e lọ sí ìjọ kékeré kan ní ìletò kan lẹ́yìn Ìjàyè. Títì ńlá láti Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn kì í yọ wá lẹ́nu, nítorí wọ́n ti tún un ṣe. Ibi tí a ti ń yà wọ oko ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti gẹdú ti wa kòtò gbọọrọ méjì sí ọ̀nà náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àárín rẹ̀ sì ga bí ebè iṣu. Bí ọkọ̀ wa bá ti kó ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àpò sìmẹ́ǹtì méjì fún ilé ìsìn tí wọ́n ń kọ́, àti àwa tí a jókòó fún ara wa nínú rẹ̀, ikùn rẹ̀ á máa wọ́ lórí ebè náà ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni sàláńsà já sílẹ̀. Ní ìgbà kejì, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń rọ̀, ìyá tó bí wa lọ́mọ sì wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó síbẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ ìletò tó wá fi igi gbé wa kúrò. Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń fa ìborùn wọn bo ẹsẹ̀, wọ́n sì ń bi wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé a ti kọjá ibẹ̀?" A ó sì ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ga.

Ọmọ wa ọkùnrin, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní pólì, ló dá wa dúró nígbà tí a fẹ́ fi ìkánjú ra ọjà. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí a wọn ọ́n ná." Ó mú téèpù ìyá rẹ̀ tó fi ń ránṣọ, ó wọn láti àárín táyà kọ̀ọ̀kan lọ sókè dé etí mọ́gáàdì, ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Apá òsì rẹlẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ ní bíi íǹṣì kan, ẹ̀yìn sì ti jókòó pátápátá. Kò yani lẹ́nu. Apá òsì ni dírẹ́bà ń jókòó sí lójoojúmọ́, apá òsì kan náà ni táńkì epo wà. Ọdún tó lé ní ogún ni sípíríǹgì wọ̀nyẹn ti fi ru ẹrù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àgbà, ẹ kọ́kọ́ wọn tiyín. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò kúrú rárá, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, bí ẹ bá sì pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sí irú èyí tó bá wá láti ilé-iṣẹ́, ẹ ó rí i pé ó ti dìde fúnra rẹ̀, ẹ kò sì ní í nílò ohun tí a ṣe yìí.

Ọ̀nà tó rọjú jù lọ tí àwọn ènìyàn fi ń gbé ọkọ̀ sókè ni kí wọ́n há nǹkan mọ́ sípíríǹgì. Àwọn kan á gé táyà àtijọ́, wọ́n á há a sáàárín ẹ̀ka sípíríǹgì bí ẹni ń fi èèkàn há ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe é. Sípíríǹgì tí a bá há ní ibì kan kò lè fún pọ̀ ní ibẹ̀ mọ́, gbogbo wàhálà ọ̀nà á wá dúró sí ẹ̀ka tó kù, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán. Ọ̀nà kejì ni kí a fi irin pẹlẹbẹ sí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú kí ó lè ti gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ìṣirò rẹ̀. Bí irin náà bá nípọn tó íǹṣì kan, ọkọ̀ yóò ga ní nǹkan bí íǹṣì méjì. Ẹ wo ilẹ̀kùn yàrá yín: bí ẹ bá tì í ní íǹṣì kan nítòsí ibi tí a fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ férémù, etí rẹ̀ lọ́hùn-ún á ti rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá irin tó gbé táyà iwájú dúró, nítorí nítòsí àárín rẹ̀ ni sípíríǹgì ti jókòó lé e. Ẹni tí kò mọ èyí á fi irin íǹṣì méjì sí i, ọkọ̀ á sì ga bí àkàbà.

Èyí tí àwa ṣe ni ọ̀nà kẹta: sípíríǹgì tuntun tó gùn tó sì le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó o. Àwọn ará Australia, tí ilẹ̀ wọn kún fún ọ̀nà eléruku gígùn, ní èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn, Old Man Emu ni wọ́n ń pè é. Owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. A wá ọjà ní Àràròmí lẹ́bàá Agodi-Gate, a kò rí èyí tó wù wá, a sì bá a lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó. Ọmọ wa mú téèpù rẹ̀ dání. Ó to sípíríǹgì méjì méjì sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ka ẹ̀ka wọn, ó wọn bí irin wọn ṣe nípọn tó, ó dá méjì padà nítorí pé ọ̀kan ga ju èkejì lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ta ọmọ yìí." Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n a kò sọ fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà dé ibẹ̀.

Íǹṣì méjì ni a fẹ́, a kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ wa lá àlá mẹ́rin. Ìdí tí a fi kọ̀ ni pé ọkọ̀ yìí ní ọ̀pá tó ń gbé agbára láti inú ẹ̀rọ lọ sí àwọn táyà iwájú, bí iwájú bá sì ṣe ń ga sí i ni ọ̀pá náà ń tẹ̀ sí i, títí rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ á fi ya, tí eruku á sì wọ inú gíríìsì. Ìdí kejì ni pé ọkọ̀ gíga máa ń ṣubú ju ọkọ̀ kúkúrú lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń di ẹrù lé orí jíìpù ìjọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ wa ti ga ni a ti fòfin de ẹrù orí rẹ̀ pátápátá, ìbáà ṣe iṣu ẹ̀bùn ìkórè.

Ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ ṣe, ní ọjọ́ Jímọ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni ọmọ wa ti ń da epo òyìnbó sí orí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Orí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ni a gbé ọkọ̀ sí, a fi igi dí táyà iwájú níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ dúró. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Ó lè gbé ọkọ̀ dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ó fọ́ lójijì bí ìgbà tí a fi ọwọ́ tẹ àkàrà. Jáàkì nìkan náà kò tó láti wọ abẹ́ ọkọ̀. A yá sítáàǹdì irin méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, a gbé wọn sí abẹ́ férémù, ọmọ wa sì yí àwọn táyà tí a tú sílẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ó ní bí ohunkóhun bá yẹ̀, orí táyà ni yóò balẹ̀ sí, kì í ṣe orí òun.

Ẹ̀yìn kò le. Irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí a bá fi jáàkì gbé irin náà dúró, tí a tú ṣọ́ọ̀kì kúrò lára rẹ̀, tí a sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibì kan á dé tí sípíríǹgì á tú sílẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ yọ ọ́ bí ẹni yọ ìkòkò lórí ààrò. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni rọ́bà tó gbé omi bíréèkì, kí ó má fà. Kí ó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́, a ti parí ẹ̀yìn. Orí wa wú.

Sátidé ni iwájú, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ tí ìyá àwọn ọmọ wa ní kí a sọ.

Sípíríǹgì iwájú ọkọ̀ yìí kò dà bí ti ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì wà, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, wọ́n wá fi nọ́ọ̀tì kan dè é lókè. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló yí nọ́ọ̀tì àárín yìí ká. Àwọn mẹ́ta náà ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, a lè tú wọn láìsí ewu, pẹ̀lú ọ̀kan ńlá tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì àárín nìkan ló ń dá sípíríǹgì dúró. Ẹni tó bá tú u láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ tó yẹ fún sípíríǹgì náà mọ́ra, ó tú ìbọn sí ara rẹ̀ ni. Ọmọ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kan ní àdúgbò wa ní irinṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti rìnrìn àjò, ọjọ́ Ajé ni yóò dé. Ọmọ wa ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé."

Àwa ni a kò gbà. Ọjọ́ kejì ni a ní láti lọ sí ìletò, ọkọ̀ ti ga lẹ́yìn, imú rẹ̀ sì dorí kodò bí ewúrẹ́ tó ń jẹko, ojú ń tì wá láti gbé e jáde bẹ́ẹ̀. A rántí pé nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, a rí àwọn dírẹ́bà tí wọ́n fi okùn di sípíríǹgì nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n wá fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, tí sípíríǹgì kò sì nà mọ́. A ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí i. Ọmọ náà wo ojú wa, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa fúnra wa ni a wọ abẹ́ mọ́gáàdì tí a di okùn ọ̀rá ní ojú mẹ́ta, a sì fi wáyà kún un.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. A gbé ọkọ̀ sókè, sípíríǹgì dúró gẹ́gẹ́ bí a ti dì í, a yọ gbogbo rẹ̀ jáde, a gbé e sí orí ẹní. Ọmọ wa fi sípánà sí nọ́ọ̀tì àárín, ó ń tú u. Òógùn wọ ojú rẹ̀, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti fi èjìká nù ún. Ìgbà náà ni okùn kan já, wáyà tẹ̀ lé e. A kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ariwo rẹ̀ nìkan ni a gbọ́. Irin tó wà lókè sípíríǹgì fò lọ lu àjà gáréèjì, ó sì gba inú páànù kọjá. Sípíríǹgì fò sọdá àgbàlá, ó lu dúrọ́ọ̀mù omi. Nígbà tí a padà wo ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀ láti ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wa ni, "Ṣé o kò ṣe é dáadáa ni?"

Ìyá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, wọ́n sì gbọ́. Ìyá wa náà gbọ́ láti inú yàrá. Kò sí ẹni tó dá wa lóhùn. A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rán an ní ojú mẹ́ta. Dókítà fi ìka kan sí àárín ojú ọgbẹ́ àti ẹyin ojú, ó fi hàn wá, ó ní, "Ẹ wo bí ó ti kù." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà bọ̀ wá sílé nínú ọkọ̀ tí a háyà, ọmọ náà kọjú sí fèrèsé, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ọgbẹ́ ojú ló ń dùn ún jù.

Ẹ gbọ́ èyí tó tún pa wá lẹ́nu mọ́. Nígbà tí a délé, a tẹ alàgbà ìletò láago, a ní a kò ní í lè wá lọ́la. Ó ní, "Kò séwu, Pásítọ̀, àwa náà lè darí ìsìn." Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ohun tí a torí rẹ̀ fẹ́ fọ́ ọmọ lójú nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, a ní kí ó jókòó. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún àwa àgbà láti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìyá ẹni. A ní, "Àwa la di okùn náà. Ìwọ ní kí á dúró, àwa ni a kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ, irọ́ ni. Jọ̀wọ́, má bínú." Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Dádì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá yẹn ń dé. Ẹ jẹ́ kí á jọ lọ." Ìgbà náà ni a sọ ti Ládípọ̀ fún un, bí inú wa ti dùn tó nígbà tí ọlọ́jà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun rò pé ojú ń tì wá ni.

Ọ̀gá náà fi irinṣẹ́ rẹ̀ mú sípíríǹgì lápá méjì, ó ń yí ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, títí sípíríǹgì fi tú sílẹ̀ lára irin òkè kí ó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín rárá. Kò pé wákàtí kan tí ó fi parí méjèèjì, owó tó gbà kò sì tó ìdajì owó ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bi wá bóyá ẹ lè ṣe é nílé: ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ní sítáàǹdì àti ilẹ̀ líle, tí ẹni kejì sì wà pẹ̀lú yín. Iwájú, ẹ yọ ọ́ nílé bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀gá ti fi ohun mìíràn hàn wá. Ó fi irin gbọọrọ kan gbé táyà iwájú láti ìsàlẹ̀, a sì rí i pé bọ́ọ̀jọ́íǹtì ìsàlẹ̀ ń mì. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ bọ́ọ̀jọ́íǹtì mọ́ inú ilé rẹ̀ ni. Nínú 4Runner ìran yìí, fífà ni ìwúwo ń fà á, bí ẹni fẹ́ fà á yọ. Bí ó bá wá jẹ tán, yíyọ ni yóò yọ, táyà á ṣẹ́ sí abẹ́ mọ́gáàdì, ọkọ̀ á sì kúnlẹ̀ lójú títì. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ lè rò pé táyà ló bẹ́. À bá ti gbé ọkọ̀ sókè, kí a fi táyà ńlá sí i, kí a sì máa sáré lórí bọ́ọ̀jọ́íǹtì tó ti fẹ́ yọ. A pààrọ̀ méjèèjì sí tuntun. Ẹ má ṣe ra tòkunbọ̀ èyí.

Àwọn tó kù kò gba àkókò. Táyà 265/75R16 ni a fi rọ́pò 265/70R16, èyí tó fi bí ààbọ̀ íǹṣì kún gíga ọkọ̀. Táyà náà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà bí ọwọ́ aago bá wà lórí 100, ọkọ̀ ń sá 103. A gbé e lọ fún aláìnmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì, kí táyà má baà jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. A sọ iná iwájú kalẹ̀, nítorí ó ti ń wo ojú àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn nọ́ọ̀tì tó di rọ́bà apá ìsàlẹ̀ mú, ìgbà tí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ wa tó fún wọn le, ó ní bí a bá fún wọn nígbà tí táyà rọ̀ lófuurufú, rọ́bà á lọ́, á sì ya.

Bíréèkì nìkan ló kù tó dẹ́rù bà wá. Ní ọ̀sẹ̀ náà, a ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́níyà, ọlọ́kadà kan já sí iwájú wa. A tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ dì mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn kò sì dà bí ẹni pé ó gbọ́. A dúró, ṣùgbọ́n a sún mọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ wa wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì rí i. Fáàfù kan wà lẹ́yìn tó ń wọn ẹrù inú ọkọ̀. Ọ̀pá kan so ó mọ́ irin gbọọrọ ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá pọ̀, ara ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ irin náà, fáàfù á sì fún táyà ẹ̀yìn ní bíréèkì púpọ̀. Bí kò bá sí ẹrù, ara ọkọ̀ á ga, fáàfù á sì dín in kù. Àwa ti gbé ara ọkọ̀ ga ní íǹṣì méjì. Lójú fáàfù, ọkọ̀ wa ṣófo títí ayé, ìbáà kún fún sìmẹ́ǹtì. Ọmọ wa ní kí alurinmọ́rinpọ̀ ṣe irin kékeré kan tó gbé ìdí ọ̀pá náà sókè ní íǹṣì méjì, bíréèkì sì padà sípò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọjà tó sọ èyí fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ọkọ̀ yìí sókè, ẹ lọ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò lónìí, kí ẹ tó tún kó ìdílé yín sínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà ga. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá wò ó, wọ́n wo wa, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti wá ra ẹṣin ni?" Wọ́n padà sínú ilé. Ọmọ wa lo ìyókù irin ọ̀dọ̀ alurinmọ́rinpọ̀ láti fi ṣe àtẹ̀gùn kékeré kan tó ń so mọ́ etí ọkọ̀, tí a lè yọ, ó sì na rọ́bà táyà àtijọ́ sí orí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ó fún ìyá ìyá... ẹ foríjì wá, ó fún ìyá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gùn ún. Àtẹ̀gùn náà wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ béèrè fún un, ẹ má fi ìró yín jìyà.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, a padà sí ìletò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi wà nínú kòtò méjèèjì, ebè àárín sì ga bí ó ti máa ń ga. Ọmọ wa ló wà ọkọ̀. Ó rọra gbé táyà kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, ikùn ọkọ̀ kò kan nǹkan kan. Màmá ti sùn lọ níwájú láti Mọ́níyà. Nígbà tí a dé iwájú ilé ìsìn tí ọkọ̀ dúró, wọ́n lajú, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ṣé a ti kọjá ibẹ̀?"

Ọmọ wa ní, "A ti kọjá o, Màmá."